Òkè Òyìnbó Tí A Fẹ́ Gùn Láìmú Dírẹ́bà Dání

Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ní ìwé àṣẹ ìwakọ̀, n kò sì mọ ọkọ̀ wà. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ mi nígbà náà ló bá mi ṣe é. Mo tẹ̀ka, wọ́n ya fọ́tò mi, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Nígbà tí káàdì náà jáde, mo kì í bọ pọ́ọ̀sì, mo sì wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tí mo máa ń jókòó sí. Mélòó nínú àwa tí à ń gbé inú ẹ̀sìtéètì ní Ṣàngótẹ̀dó ló lè búra pé òun ṣe ìdánwò? Kí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kọ́kọ́ sọ òkò.

Obìnrin kan tí ilé rẹ̀ ṣe ìkẹta sí tiwa ló kó bá mi. Òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sinmi ní Sìkọ́tíláǹdì, wọ́n yá ọkọ̀ níbẹ̀, wọ́n sì ń wà á kiri àárín òkè fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n dé, ó so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n níbi ìpàdé àdúrà tí a máa ń ṣe láti ilé dé ilé ní Ọjọ́bọ̀, ó ń fi òkè hàn wá. Òkè tútù yọ̀yọ̀, òkè tí kùrukùru bò lórí, adágún omi tó dákẹ́ rọ́rọ́, àgùntàn tó dúró sáàárín títì tó ń wojú ọkọ̀. Gbogbo wa ń ṣe "háà." Ó wá fẹ̀yìn tì, ó ní, "A ò tiẹ̀ mú dírẹ́bà kankan o. Àwa méjèèjì la wa ara wa." Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ó mọ̀ pé dírẹ́bà ló ń gbé mi lọ ra búrẹ́dì lẹ́nu géètì.

Mo kórìíra obìnrin náà tọkàntọkàn, mo sì ń kí i "ẹ kú ilé o" lójoojúmọ́. Kí a tó rìn dé ilé wa lọ́jọ́ yẹn, mo ti sọ fún ọkọ mi pé àwa náà ń lọ.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ta ló máa wà á? Òun náà mọ ọkọ̀ wà dáadáa láyé àtijọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní orúnkún òsì, orúnkún náà kò sì gbà kí ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́. Mo ní èmi ni n ó wà á. Ó tún rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kejì yìí sì dùn mí wọ egungun. Ọgbọ̀n ọdún tí a ti fẹ́ra la fẹ́ lọ fi ṣe àjọyọ̀, a ti tọ́ ọmọ méjì títí wọ́n fi kúrò nílé, síbẹ̀ ọkùnrin yìí kò lè fojú inú rí mi pẹ̀lú sítíárì lọ́wọ́.

Bí mo ṣe ké sí Bàbá Ìbejì wọ inú pálọ̀ nìyẹn.

Bàbá Ìbejì ni dírẹ́bà wa, ọdún kọkànlá rẹ̀ lọ́dọ̀ wa nìyẹn. Ó fi ọdún mẹ́ta jù mí lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀. Òun náà ń pè mí ní Mọ́mì, nítorí pé ní Èkó, ẹni tó ń sanwó ni màmá ẹni tó ń gbà á. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n Aláayè ni, ìlú tí òkè yí ká tọ̀tún tòsì. Nígbà èwe rẹ̀, ọkọ̀ gẹdú ló ń wà sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè yẹn. Ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ìbejì ṣì wà nílé. Òun ń gbé yàrá kan ní Awóyaya pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti káfíńtà ọmọ ìlú rẹ̀.

Mo ti tẹ máàpù jáde níbi iṣẹ́, bébà mẹ́fà tí mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ pọ̀, mo sì tẹ́ ẹ sórí tábìlì oúnjẹ. Bàbá Ìbejì káwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tó sùn. Mo ṣàlàyé fún un pé títì ibẹ̀ tóóró, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbà, bí méjì bá pàdé, ọ̀kan gbọ́dọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ ló máa dúró, Mọ́mì," ó ti dáhùn kí n tó parí. "Ẹni tó ń gòkè ló ni ọ̀nà. Tí yẹn bá fi lè dúró, ẹ̀yìn ló máa yí lọ. Bá a ṣe ń ṣe é ní tiwa náà nìyẹn."

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ o."

"Ẹ má jẹ́ kíyẹn bà yín lẹ́rù rárá. Ṣé gbogbo wa kọ́ là ń gba wáńwéè lójú títì Ẹ̀pẹ́ yìí ni?"

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Bàbá Ìbejì fi ìka tọ ọ̀nà kan láti etí omi lọ sáàárín òkè, ọ̀nà tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ó tọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un tọ̀. Ó ní, "Ibí yìí dáa. Èèyàn máa gbádùn ibí yìí gan-an." Ó wá gbójú sókè. "Mọ́mì, ta ló máa wà á?"

Ó yẹ kí n sọ pé èmi ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ta ni ì bá tún wà á bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Àwàdà ni mo fi ṣe. Mo fẹ́ kí ọkọ mi tún rẹ́rìn-ín, ó sì rẹ́rìn-ín. Bàbá Ìbejì kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ọkùnrin tó jù mí lọ, ó ń sọ pé "ẹ ṣé, ẹ ṣé." N kò sọ fún un pé àwàdà ni. Mo ní kí ó dìde, kí ó lọ fọ ọkọ̀.

Ní ọjọ́ kejì ni mo wá rí èrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí dírẹ́bà tó máa ń wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ Àìkú nìkan ni èmi sì ráyè. Mo sọ fún Bàbá Ìbejì pé mo fẹ́ kọ́ ọkọ̀ wíwà, kí n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá rẹ̀ ẹ́ lọ́nà òkè. Ó ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni mo sọ. Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ló ti ń wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, láàárọ̀ kùtù, láti Awóyaya, kò sì béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Gbogbo ọkọ̀ tó ṣẹ́ kù láti yá ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ lọ, èyí tí à ń fi ọwọ́ yí jíà rẹ̀ ni. Orí bá wa ṣe é, ọkọ̀ kékeré àtijọ́ kan wà lẹ́yìnkùlé wa tó jẹ́ irú rẹ̀, tí ọkọ mi ti kọ̀ láti tà. Bàbá Ìbejì jí i dìde. Inú ilẹ̀ tí wọ́n da yanrìn sí, tí wọn kò tíì kọ́lé sí, ló ti kọ́kọ́ ń kọ́ mi, níwájú Awóyaya lọ́hùn-ún. Mo ń já kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ bí ẹni já ẹrù, ọkọ̀ á fò, á kú. Á ní, "Ẹ rọra, Mọ́mì, kò sẹ́ni tó ń lé wa." Ọ̀rọ̀ kan náà, ohùn kan náà, ìgbà ogún láàárọ̀ kan. Sùúrù rẹ̀ yẹn a máa bí mi nínú, nítorí pé bó bá pariwo mọ́ mi, ǹ bá rí ìdí láti bọ́ sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n Lẹ́kkí ò ní òkè. Láti tóòlù títí dé ibi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ti ń já ẹrù ní Ìbẹ̀jú, pẹrẹsẹ ni gbogbo ilẹ̀ yìí, ibi tó bá ga ní àárín rẹ̀, èèyàn ló kọ́ ọ. Bíríjì Àjáh la wá sọ di òkè wa. Kí àwọn ọkọ̀ tó pọ̀ lójú títì, a ó ti dé ibi tó ti ń dagun, á ní kí n dúró, kí n tún gbéra láìjẹ́ kó yí sẹ́yìn. Òun á bọ́ sílẹ̀, á mú igi kan dání, igi tí àwọn ọlọ́kọ̀ gẹdú máa ń fi há ẹsẹ̀ táyà, á sì máa sáré tẹ̀lé mi lẹ́yìn. Bó bá ti rí i pé mo ń padà sẹ́yìn, á fi igi há a. Bàbá ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ń sáré lórí bíríjì pẹ̀lú igi lọ́wọ́, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fi í ṣẹ̀sín bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Lọ́jọ́ kan ọkọ̀ yí sẹ́yìn kó tó yọ ọwọ́ kúrò. Táyà tẹ ìka rẹ̀ méjì pọ̀ mọ́ igi náà. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, mo sì pariwo padà mọ́ ọn pé kí ló ń dẹ́rù bà mí fún! Ohun tí mo kọ́kọ́ sọ nìyẹn. Ó di ìka náà mọ́ abíyá, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Lẹ́yìn náà ló ní, "Kò sí wàhálà, Mọ́mì. Ẹ tún un ṣe." Èékánná méjèèjì dúdú, wọ́n sì bọ́ dànù ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ọjọ́ yẹn náà ni mo kọ́kọ́ gun bíríjì náà láìyí sẹ́yìn.

Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú mú un lọ. Ọkọ mi náà bi mí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ wa ká a. Ṣùgbọ́n bí mo bá mú dírẹ́bà lọ, kí ni mo fẹ́ wá sọ ní ìpàdé Ọjọ́bọ̀? Tìtorí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ni mo ṣe ń lọ, kí n lè fẹ̀yìn tì bí obìnrin yẹn ti ṣe, kí n sì wojú rẹ̀. Òkè fúnra rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan fún mi. Bí ẹ bá rò pé èèyàn rere ló ń sọ ìtàn yìí fún yín, ẹ tètè padà lẹ́yìn mi.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, Bàbá Ìbejì gba àyè ọjọ́ méjì. Nígbà tó padà, ó yọ nǹkan kan jáde nínú ọ̀rá tí ó wé ní ìlọ́po mẹ́ta. Pásípọ́ọ̀tù ni, ó ń tàn yanran. Nínú fọ́tò rẹ̀, ó wọ kóòtù aláwọ̀ eérú kan tí ọkọ mi fi ta á lọ́rẹ nígbà kan. Ó ti fa irungbọ̀n, ó jọ ọ̀gá ilé-ìwé.

"Ẹ bá mi fi í sọ́dọ̀, Mọ́mì. Awóyaya ò ṣeé fi irú ẹ̀ pamọ́ sí."

Mo ní ó dára. Mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ lórí tiwa. Ọkọ mi rí i níbẹ̀, ó gbé e wá bá mi nínú ilé ìdáná, ó ní, "Kí lèyí? O ò tíì sọ fún un? Sọ fún un lónìí." Mo ní n ó sọ ọ́. Nígbà tó tún béèrè lọ́sẹ̀ kejì, mo ní mo ti sọ ọ́. N kò ní purọ́ pé ojú tì mí nígbà náà. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù pé kò ní wá mọ́ lọ́jọ́ Àìkú, bẹ́ẹ̀ n kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fi jíà sọ̀kalẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a ń lọ fún vísà, kóòtù yẹn ló wọ̀. Oòrùn ń mú ganrínganrín, òógùn ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀, ó wakọ̀ dé ẹnu ọ́fíìsì wọn, ó sì yọ kóòmù, ó ya irun rẹ̀ nínú dígí ọkọ̀. Ọkọ mi ti sọ̀kalẹ̀ lọ síwájú. Mo ní, "Ẹ lọ wá ibi tí ẹ máa páàkì sí, kí ẹ dúró dè wá."

"Èmi ńkọ́, Mọ́mì?"

"Tiwa ni tòní. Tiyín ń bọ̀."

Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ kí a tó jáde. Ó wà nínú ọkọ̀ tí ó ti pa kí epo má baà jó, kóòtù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ pé. Bí a ṣe ń lọ sílé, ó ń bi mí irú ìbéèrè tí wọ́n ń béèrè nínú lọ́hùn-ún, kí òun lè ti máa fi kọ́ra. Mo kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé kó máa wojú wọn bó bá ń dáhùn.

Vísà wa jáde. Ní ọjọ́ tí a gbà á, bí a ṣe ń bọ̀ ní Àjáh, inú ọkọ mi dùn, ó sì rò pé mo ti sọ ohun tí mo ní mo ti sọ. Ó na ọwọ́, ó gbá Bàbá Ìbejì léjìká. "Ẹ̀yin náà ẹ ó ráyè sinmi o, Bàbá Ìbejì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko tá ò ní sí nílé. Ẹ lọ wo àwọn ọmọ yín."

Mo ń wo ẹ̀yìn orí Bàbá Ìbejì, kò sì yíjú. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣé o, Dádì." Ó yà sí géètì wa, ó kí àwọn ẹ̀ṣọ́, ó páàkì, ó wá ṣílẹ̀kùn fún mi bó ṣe máa ń ṣí i.

Mo ti múra ìjà sílẹ̀ fún ọjọ́ kejì. Mo ti to ọ̀rọ̀ gún: ta ló rán an lọ gba pásípọ́ọ̀tù, ṣé mo fọwọ́ síwèé fún un ni? Ó dé láàárọ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, kò sì gbé ìjà kankan wá.

"Mọ́mì, mi ò wá dá yín lẹ́bi. Wọ́n ti ṣàdúrà ìrìnàjò fún mi ní Awóyaya. Ìyá mi ti kó gbogbo ẹbí jọ nílé, wọ́n ti fi mí lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kí ni mo fẹ́ padà wá sọ fún wọn báyìí?" Ó ń fi àtàǹpàkò pa ìka rẹ̀ kan lára. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wà nínú bọ́ìsì kọ́tà fún ọ̀sẹ̀ méjì yẹn. Mi ò ní jáde, mi ò ní tanná. Tẹ́ ẹ bá ti dé, èmi náà á dé."

Ara tù mí, bí ẹni tí wọ́n gbé àpò ìrẹsì kúrò lórí rẹ̀. Mo ní kò burú. Mo tún fi kún un pé níwọ̀n ìgbà tó máa wà nílé, kí ó máa bá wa fetí sílẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí olè.

"Ó dáa, Mọ́mì. Ẹ kàn bá mi ya fọ́tò kan ṣoṣo. Sítíárì, kí òkè wà níwájú ẹ̀, kí èèyàn má sí níbẹ̀. Màá fi ránṣẹ́ sílé."

Mo ṣèlérí fún un. Ọjọ́ tí a ń lọ, èmi ni mo wa ọkọ̀ kékeré yẹn lọ gbé e lójú títì, òun ló dùbúlẹ̀ sẹ́yìn lábẹ́ aṣọ pẹ̀lú àpò gààrí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí i lẹ́nu géètì kí ó sì ròyìn rẹ̀ dé Awóyaya. Ibi tó ti dùbúlẹ̀ yẹn ló ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ rọra gbé kílọ́ọ̀ṣì, Mọ́mì."

Ní Sìkọ́tíláǹdì, wákàtí kan péré ni mo fi wakọ̀. Òkè àkọ́kọ́ tí mo bá, kò tiẹ̀ ga tó ilé alájà mẹ́ta, ọkọ̀ kú mọ́ mi lọ́wọ́, ó ń yí sẹ́yìn bọ̀ sórí ọkọ̀ wàrà kan, kò sì sí ẹni tó mú igi dání. Ọkọ mi pariwo. Mo sunkún bí ọmọdé. A dá ọkọ̀ wọn padà, a sì wá òyìnbó arúgbó kan tó ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé àlejò kiri, àwa méjèèjì jókòó sẹ́yìn. Òkè náà lẹ́wà ju bí obìnrin yẹn ti fi hàn wá lọ. Ṣùgbọ́n gbogbo ibi tí mo bá ti gbé fóònù sókè láti ya sítíárì, ọwọ́ òyìnbó náà wà lórí rẹ̀. N kò fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. N kò fẹ́ kí Bàbá Ìbejì mọ̀ pé dírẹ́bà ló gbé wa níkẹyìn.

Ọ̀sán Sátidé ni a padà dé. N kò tíì bọ́ bàtà tí mo fi lọ kan ilẹ̀kùn bọ́ìsì kọ́tà. Ó ṣí i díẹ̀, ó ń ṣẹ́jú sí ìmọ́lẹ̀. Àìrí oòrùn ti mú kí ara rẹ̀ pupa díẹ̀, bí ẹni tó ti òkè òkun bọ̀ lóòótọ́. Kò béèrè fọ́tò. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ wà á?"

"Mo wà á."

"Títí dé ibi tó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ yẹn?"

"Mo gùn ún."

"Ẹ ò yí sẹ́yìn?"

"Rárá."

Ó pàtẹ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ń yí ká nínú yàrá kótópó yẹn, ó ń sọ pé, "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹ ó gùn ún!" Ó bá gbé fóònù, ó pe ìyá rẹ̀, ó ń pariwo sí i nítorí etí ìyá ti di: "Ìyá mi, a ti dé o! A gun òkè náà! Rárá, kò yí sẹ́yìn!" Mo gbọ́ tí ìyá arúgbó náà bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n. Bàbá Ìbejì nu ojú, ó na fóònù sí mi. "Mọ́mì, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí yín."

Mo gbà á. Mo ní ẹ kú ilé o, Mà, ọmọ yín wà á dáadáa. Ìyá náà dúpẹ́, ó tún dúpẹ́, ó sì ní kí n gba àdúrà. Ó ní, "Bí ẹ ṣe ṣe ọmọ mi yìí, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ayé á ṣe ṣe àwọn ọmọ tiyín."

Ọmọ méjèèjì tí mo bí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíì ní ilẹ̀ onílẹ̀. Bàbá Ìbejì ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń dúró kí n dáhùn. Mo ní àmín.